Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ́ Di NP, Ẹ Má Fi Owó Nìkan Yan Ẹ̀ka

Ọ̀rọ̀ tòní wà fún àwọn nọ́ọ̀sì wa tó wà ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ. Ìbéèrè kan làwọn àbúrò mi máa ń bi mí jù: "Àǹtí, NP ẹ̀ka wo ló ń rí iṣẹ́ jù?"

NP, ìyẹn nurse practitioner, ni nọ́ọ̀sì tó ti kàwé kún ìwé débi tó fi lè yẹ aláìsàn wò, kó mọ ohun tó ń ṣe é, kó sì kọ oògùn fún un. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àjọ ìjọba tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé láàárín 2023 sí 2033, iṣẹ́ NP yóò fi ìdá 46 nínú 100 pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀ka ló ń rí iṣẹ́ ní gbogbo ìlú. Kí ẹ tó béèrè owó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta yìí.

*1. Ta lẹ fẹ́ máa tọ́jú?* Irú aláìsàn tí ẹ kọ́ nípa rẹ̀ ni ìwé-ẹ̀rí yín mọ sí. FNP, ti ìdílé, ló wọ́pọ̀ jù. Ó ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ títí dé arúgbó, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kílíníkì ni, kì í ṣe ti ICU. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá ló ń béèrè ẹ̀ka acute care lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ICU. Bí ẹ bá sì ka ti àgbàlagbà, ẹ ò lè tọ́jú ọmọdé.

*2. Ìpínlẹ̀ wo lẹ ń gbé?* Ní Texas, NP gbọ́dọ̀ ní àdéhùn tí òun àti dókítà jọ fọwọ́ sí kó tó lè kọ oògùn. Ní Maryland, kò nílò irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Àwa Yorùbá pọ̀ ní Houston, a sì pọ̀ ní Baltimore. Ohun tí ẹ gbọ́ pé ẹnìkan ń ṣe ní Baltimore lè má ṣeé ṣe fún yín ní Houston.

*3. Ta ló máa kọ́ yín lẹ́nu iṣẹ́?* Ìlànà tó jáde ní 2022 ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ó kéré tán wákàtí 750 tọ́jú aláìsàn lábẹ́ olùkọ́. Àwọn ilé ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì á gba owó tán, wọn á wá ní kí ẹ lọ wá olùkọ́ yín fúnra yín. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ní báyìí, ẹ̀ka àìsàn ọpọlọ ni gbogbo ayé ń sáré lọ. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ó sì dùn mọ́ mi, torí ìyá Yorùbá tó bá sọ pé "orí mi ń gbóná, àyà mi ń já" nílò ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ṣì ń pe aláìsàn ní "wèrè" lẹ́yìn rẹ̀, kó má lọ síbẹ̀. Oògùn tí a ṣì kọ níbẹ̀ lè gba ẹ̀mí.

Èrò tèmi ni pé ẹ wo ẹ̀ka àwọn àgbàlagbà. Tó bá fi máa di 2030, gbogbo àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí láàárín 1946 sí 1964 yóò ti pé ọdún 65, ó kéré tán. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò ń gbé mi wọ ilé onílé, mo sì ń rí arúgbó tí àpò oògùn rẹ̀ kún, tí kò sẹ́ni tó bá a yẹ̀ ẹ́ wò pọ̀. Ariwo ẹ̀ka yìí kò pọ̀, àmọ́ àwọn tó nílò rẹ̀ kò ní tán.

Bí ẹ bá ti yan ẹ̀ka kan tí kò bá yín mu, ẹ má bọkàn jẹ́. Ẹ lè padà ka ìwé-ẹ̀rí kejì lé máàsítà yín, láì tún gbogbo rẹ̀ kà. Àmọ́ owó àti ọdún ni. A kì í wo ago aláago ṣiṣẹ́. Ẹ wo aláìsàn tí ẹ lè fara dà fún ogún ọdún, kí ẹ wo òfin ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ tó wo owó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì tó ń kún fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. 🙏🏾