Ẹ kọ́ ọmọ ní d-r-m kí ẹ tó kọ́ ọ ní kọ́ọ̀dù

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn òbí tó ń fi ọmọ kọ́ṣẹ́ gìtá sọ̀rọ̀, pàápàá ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo mọ̀ dáadáa. Káfíńtà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, mo sì ti kọrin nínú kọ́áyà fún ọdún pípẹ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ti sọ iṣẹ́ gìtá di iṣẹ́ ojú. Wọ́n á ní kí ọmọ fi ìka síbí, kó fi òmíràn sọ́hùn-ún, kọ́ọ̀dù C nìyẹn, G nìyí. Ọmọ á há a sórí. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé àlàfo tó wà láàárín ohùn kan sí òmíràn ló bí kọ́ọ̀dù. Fóònù wá bà á jẹ́ sí i. Fídíò ń fi ìka han ọmọ, etí ọmọ sì ń sùn.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin lo ọdún méjì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí n kò ní dárúkọ. Owó ìkọ́ṣẹ́ pé, ọmọ náà kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Níbi ìdúpẹ́ ìgbéyàwó kan, ìyá àgbà kan dá orin láti ibi tí ohùn tirẹ̀ wà, kò béèrè kíì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ wa wá kíì náà títí, kò rí i. A ti dé ẹsẹ kejì nígbà tó rọra yí ohùn gìtá rẹ̀ wálẹ̀, tó wá ń fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń ta á. Àwọn onígángan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní kọ́ọ̀dù ti bá ìyá náà lọ ní tiwọn. (Ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù kò sàn jù ú lọ. Kíì kan ṣoṣo ló mọ̀, bọ́tìnnì ló ń bá a gbé ìyókù.)

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, irinṣẹ́ tó lè tún un ṣe ti wà lọ́dọ̀ wa láti ayé àwọn bàbá wa. Sólfà ni. Sarah Glover, obìnrin ará Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, John Curwen sì tún un ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí ọmọdé àti òṣìṣẹ́ lásán lè ka orin. Àwọn tíṣà tó jáde ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896, àti ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ mìíràn, gbé e dé abúlé. Mo mọ àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá tó ń ka sólfà bí ẹni ń ka ABD.

Ẹ wò ó lára gìtá. Irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò dábùú ọrùn rẹ̀. Ẹ mú okùn kan ṣoṣo. Ẹ ta á láìtẹ irin kankan, ẹ pe ohùn yẹn ní d. Irin kejì ni r, ìkẹrin ni m, ìkarùn-ún ni f, ìkeje ni s, ìkẹsàn-án ni l, ìkọkànlá ni t, ìkejìlá sì ni d òkè. Ẹ kíyè sí i: láti m sí f, irin kan ni, láti t sí d, irin kan ni, àwọn yòókù, irin méjì méjì. Èmi káfíńtà fi tépù wọ̀n ọ́n. Irin kejìlá wà ní àárín okùn gan-an. Bí ẹ bá tẹ ìkeje, ìdá méjì nínú mẹ́ta okùn ló kù tó ń dún; bí ẹ bá tẹ ìkarùn-ún, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni. Ìdí rèé tí s fi ń bá d rẹ́ tí etí kì í kọ̀ ọ́.

Kọ́ọ̀dù wá di ìṣírò kékeré. Láti d sí m, irin mẹ́rin. Láti m sí s, irin mẹ́ta. Ẹ fa m yẹn nìkan wálẹ̀ ní irin kan, ó di mẹ́ta kó tó di mẹ́rin, orin tó ń yọ̀ á sì di orin ọ̀fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tó bá mọ èyí, ibikíbi tí ìyá àgbà bá ti dá orin, kó ṣáà wá d rẹ̀ rí ni, ìyókù á tẹ̀ lé e. Okùn kan yìí ni mo dá ọmọ àbúrò mi padà sí. Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn, ó ní mo sọ òun di ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ẹlòmíràn á ní ọmọ Yorùbá ti mọ d-r-m láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ó mọ̀ ọ́n díẹ̀. Igbá, igba, ìgbà: etí wa mọ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sẹ́ni tó ń wọn àlàfo wọn. Nínú orin, àlàfo ti dúró sójú kan, ó sì lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Obìnrin tó ń fi orin yin ọkọ, bí ohùn orin bá gbé ìparí rẹ̀ sókè, ọkọ́ tí a fi ń roko ló ń yìn. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Church of Christ ní Èkó, lógún nínú ìwé tó kọ lórí orin Yorùbá ní 1953.

Wọ́n á tún ní àwọn àgbà onígìtá jùjú kò jókòó kọ́ tíọ́rì. Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, etí ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá, lálaalẹ́, títí àlàfo fi wọ̀ wọ́n lára. Ẹ rántí irú gìtá tí Demola Adepoju ta nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, tí Paul Simon ará Amẹ́ríkà fi mú un wọ orin Graceland ní 1986. Irin gbọọrọ ni wọ́n ń wọ́ lórí okùn rẹ̀, kò sí irin ìdábùú tó ń dá ọwọ́ dúró. Bí etí bá yẹ̀ díẹ̀, ayé á gbọ́.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọ̀gá fi ẹnu kọ d dé d òkè, kó sì ta á lórí okùn kan. Bó bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ mú ọmọ yín máa lọ. Àwọn bàbá àti ìyá tó mọ sólfà ṣì wà nínú kọ́áyà wa, ẹ jẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì fi ọ̀sán Sátidé kan lé wọn lọ́wọ́. Seminary àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti wà láti 1898, ń kọ́ni ní orin ìjọ. Ì bá dára bí wọ́n bá lè ṣí kíláàsì ìgbà ìsinmi fún ọmọ ìlú, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe ọmọ onílù.

Mo ń retí èsì àwọn ọ̀gá onígìtá lójú ewé yìí.

Káfíńtà Tó Ti Fẹ̀yìntì,
Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́.