Ọkọ̀ Àtijọ́ Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Tì Mọ́lé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ wá lọ́kàn, ó sì ti tó àkókò kí a sọ ọ́ síta. Àṣà kan ti gbilẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ oníjókòó méjì, àwọn ọkọ̀ asáré tí òrùlé wọn ṣeé ká sẹ́yìn. Ẹni tó lówó yóò ra ọ̀kan, yóò gbé e fún àwọn oníṣẹ́ kí wọ́n tún un ṣe títí yóò fi máa dán bíi dígí. Lẹ́yìn náà, yóò tì í mọ́ inú gáráàjì, yóò da aṣọ bò ó, yóò sì máa retí ọjọ́ tí yóò gbówó lórí ní gbàǹjo. Wọ́n ń pe èyí ní ìfẹ́ ọkọ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ẹṣin a máa gùn ún. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wà, tí ọmọ ilé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, kí ló fi sàn ju àpótí owó lọ?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Jaguar E-Type jáde ní 1961, wọ́n sì ṣe é títí di 1974. Ilé iṣẹ́ Triumph ṣe Spitfire àti TR6 ní ìlú Coventry. Ṣùgbọ́n èyí tí mẹ̀kúnnù mọ̀ jù lọ ni MGB, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ìlú Abingdon ní 1962. Ó lé ní 500,000 tó jáde kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1980, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 1,798cc, sílíńdà 4 péré. Kò sí awo kankan nínú rẹ̀: ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ẹ́ńjìnì tó wà nínú Morris Oxford àti Austin Cambridge, ọkọ̀ tí àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé ń gùn lọ síbi iṣẹ́. A kò ṣe é fún ọba, a kò sì ṣe é fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. A ṣe é kí ẹni tó ń gbowó oṣù lè wà á lọ sí etí òkun lọ́jọ́ ìsinmi.

British Leyland ló ni ilé iṣẹ́ Abingdon nígbà tí ó fẹ́ kógbá sílé. Orúkọ yẹn kò ṣàjèjì sí àwọn ará Ìbàdàn, níbi tí Leyland Nigeria ti ń to ọkọ̀ ẹrù nígbà kan rí. Ní September 1979 ni wọ́n kéde pé àwọn yóò ti Abingdon pa. Ní October 1980 ni MGB tó kẹ́yìn jáde, àwọn òṣìṣẹ́ sì tú ká. Lójú àwọn ọ̀gá, ọkọ̀ náà ti kú nìyẹn.

Ta ló wá jí i dìde? Ẹ má ṣe rò pé àwọn olówó gbàǹjo ni. Àwọn tó ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ni, àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn níṣẹ́, tí wọ́n ń bá ara wọn wá nọ́ọ̀tì àti bóòtù. Nígbà tó di 1988, British Motor Heritage kó àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ irin MGB láyé ọjọ́un jọ, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣe odindi ara ọkọ̀ náà ní tuntun. Nígbà tí ìjọba dá epo olójé dúró ní 2000, àwọn kan ní ó parí fún ọkọ̀ àtijọ́. Kò parí. Àwọn tó ń wà á fi irin líle sí ibi tí fáàfù ń jókòó lé, wọ́n sì ń bá ọ̀nà wọn lọ. Ẹ kíyè sí i dáadáa: torí pé àwọn èèyàn ń wa ọkọ̀ wọn ni ọjà fi wà fún èèlò rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ti tì í mọ́lé, ta ni ì bá ra bíréèkì tuntun? Ta ni ì bá dá owó lé ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe é? Ẹni tó ń retí èrè nínú gáráàjì, òógùn àwọn tó wà lójú títì ló ń jẹ.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó ti ọkọ̀ mọ́lé rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń pa á ni. Òróró bíréèkì a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Ọ̀rinrin náà a máa jẹ irin inú rẹ̀ títí bíréèkì yóò fi há. Rọ́bà a gbẹ, a sì là. Táyà a tẹ́ sójú kan. Epo bẹntirólù a bàjẹ́ nínú táǹkì, pàápàá epo E10 tó gbòde ní Gẹ̀ẹ́sì láti September 2021. Ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń fa omi, ó sì ń jẹ rọ́bà tí wọ́n ṣe kí irú epo bẹ́ẹ̀ tó dé. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò tètè gbọ́ òórùn epo, yóò pààrọ̀ rọ́bà, yóò sì máa ra E5. Ẹni tó da aṣọ bo tirẹ̀ lè má mọ̀ títí di ọjọ́ tí iná yóò sọ.

Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àwọn òbí kan ti ń mi orí. Wọn yóò ní, "Ẹ dákẹ́ jàre, ìnákúnàá gbáà ni. Kí lọmọ wa fẹ́ fi ọkọ̀ tó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ ṣe?" Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, a kò ní jiyàn. Ọkọ̀ oníjókòó méjì kò lè gbé ìdílé. Èéfín rẹ̀ ju ti ọkọ̀ òde òní lọ. Ẹni tí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ kò tíì pé kò ní iṣẹ́ kankan tó fẹ́ bá E-Type ṣe. Ẹni tó bá sì yá owó elèlé nítorí ohun ìgbafẹ́, kó má retí pé a ó bá a sunkún.

Ẹ wá bá wa wo ìhà kejì. Ọ̀dọ́ mélòó ni kò ra ọkọ̀ tuntun láwìn, tó ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, tí kò sì mọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì? Ọjọ́ tó gbé e kúrò nílé ìtajà ni iye rẹ̀ ti já wálẹ̀. Bí iná kékeré kan bá tàn níwájú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni yóò sọ ohun tó ń ṣe é, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni yóò sì dá iye tó wù ú. Èyí náà ìnákúnàá ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ torí pé gbogbo àdúgbò ló ń ṣe é. MGB kò fẹ́ ju sípánà oní-íńṣì, ìwé àlàyé, iná tó mọ́lẹ̀, àti sùúrù. Ọmọ tó bá tú kàbúrétọ̀ SU méjèèjì, tó fọ̀ wọ́n, tó tò wọ́n padà, tó sì mú kí wọ́n máa fa afẹ́fẹ́ dọ́gba, ti kọ́ ohun tí ẹnì kan kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún 40, tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé, kì í san owó orí ọkọ̀. London pàápàá yọ ọ́ kúrò nínú owó ULEZ. Kí a má wá torí ìyọ̀ǹda yìí máa fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé lójoojúmọ́, kí a máa da èéfín sí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lójú. Ọkọ̀ ọjọ́ ìsinmi ni, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.

A tún ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń kun ọkọ̀ tà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. MGB kò ní férémù ọ̀tọ̀ lábẹ́. Ara rẹ̀ gan-an ni eegun rẹ̀, irin abẹ́ ilẹ̀kùn ló sì di iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ibẹ̀, ọkọ̀ náà ti ṣẹ́ lẹ́yìn nìyẹn, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ pupa tó. Àwọn kan a sì máa fi bọ́dì fílà dí ihò náà, wọ́n a kun ún, wọ́n a tà á fún ọ̀dọ́ tí kò mọ̀. Olè ni irú ẹni bẹ́ẹ̀, a kò ní orúkọ mìíràn fún un. Ẹ̀yin tó fẹ́ rà, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ mú irin máńgínẹ́ẹ̀tì, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e, ẹ fi í ká abẹ́ ilẹ̀kùn: ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, fílà ló wà níbẹ̀. Ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ tì í. Bí àlàfo ilẹ̀kùn bá fún, tí ilẹ̀kùn kò tì mọ́, ẹ kí onítọ̀hún pé ó dàárọ̀, kí ẹ máa lọ ilé yín.

Èyí tó dùn wá jù lọ ló kù. Láti May 2018, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi dandan lé e mọ́ pé kí ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún 40, tí a kò yí padà púpọ̀, lọ fún àyẹ̀wò MOT lọ́dọọdún. Àwọn tó ni ọkọ̀ yọ̀. Àwa kò yọ̀. Ọkọ̀ yìí kò ní àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là, kò ní bíréèkì oníkọ̀ǹpútà. Ẹni tó sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ọmọ ẹni ni, tàbí ìyàwó ẹni. Òfin kan náà ló sọ pé ẹni tó bá wa ọkọ̀ eléwu lójú títì lè san owó ìtanràn tó tó £2,500. Kò sẹ́ni tó ní kí a má ṣe lọ fún àyẹ̀wò tìfẹ́tìfẹ́. Nítorí náà, kí olúkúlùkù máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ lọ́dọọdún. Ẹni tó rówó ra ọ̀dà olówó gọbọi, tó ní òun kò rówó àyẹ̀wò bíréèkì, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín bá a jókòó.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní ọkọ̀ wọ̀nyí lọ́wọ́, ẹ̀yin la fẹ́ bá sọ èyí tó kù. Àwọn tó mọ bí a ti ń lu irin tó ti wó títí yóò fi tẹ́jú, àwọn tó ń fi etí lásán mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnì, orí wọn ti ń funfun. Bí wọ́n bá lọ láìní arọ́pò, kò sí iye owó gbàǹjo tó lè ra ìmọ̀ wọn padà. Nílé, a mọ ohun tó ń jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbígbé sípánà fún ọ̀gá ló di ọ̀gá lónìí. Ẹ ṣí gáráàjì yín. Ẹ pe ọmọ yín, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ pe ọmọ aládùúgbò, ẹ fún wọn ní sípánà. Bí wọ́n bá ba bóòtù kan jẹ́, òmíràn wà lọ́jà. Bí ojú ọjọ́ bá dára, ẹ wà á jáde kí àwọn èèyàn rí i, kí ọmọ kékeré tó dúró létí títì lè bi bàbá rẹ̀ pé irú ọkọ̀ wo nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wa kò jù báyìí lọ. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú wa, kó kọ èsì tirẹ̀ ránṣẹ́. Àyè wà fún un nínú ìwé yìí.