Ẹjọ́ Charles Taylor Ti Parí, Ẹjọ́ Àwọn Òkú Tiwa Ńkọ́?

Ẹni tó bá jáde ní Jakande Estate ní Ìsọlọ̀, tó sì forí lé òpópónà márosẹ̀ tó lọ láti Òṣòdì sí Àpápá, kò ní rìn jìnnà kó tó rí Rutam House, ilé tí gbogbo akọ̀ròyìn Nàìjíríà mọ̀ mọ́ ìwé ìròyìn The Guardian. Ní ẹ̀bá ọ̀nà kan náà, ní apá Ìlasamàjà, ni ìwé ìròyìn Champion fi ṣe ibùjókòó. Lọ́dún 1990, ilé iṣẹ́ méjèèjì yìí rán akọ̀ròyìn kọ̀ọ̀kan lọ sí Làìbéríà, níbi tí ogun abẹ́lé ti ń jà. Krees Imodibie ni ti The Guardian, Tayo Awotusin ni ti Champion. Gègé àti ìwé ni wọ́n gbé lọ, wọn kò gbé ìbọn. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ NPFL, tí Charles Taylor jẹ́ olórí wọn, mú wọn, wọ́n sì pa wọ́n. Títí di òní, kò sí ilé ẹjọ́ tó pe ẹnikẹ́ni láti wá jẹ́jọ́ lórí ikú wọn.

Nígbà tí èmi fi wọṣẹ́ ìwé ìròyìn, wọ́n ti kú fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò tíì kú lẹ́nu àwọn àgbà iṣẹ́ wa. Bí ọ̀dọ́ kan bá ń kánjú láti lọ síbi tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀, wọn a máa rán an létí pé Krees àti Tayo náà dágbére fún ará ilé wọn, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2012, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Àkànṣe fún Sierra Leone kéde pé Taylor jẹ̀bi ẹ̀sùn 11 tí wọ́n fi kàn án. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún, wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 50. Láti ìgbà ẹjọ́ Nuremberg, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè rí tí ilé ẹjọ́ àgbáyé dá lẹ́bi. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo ìdùnnú rọlẹ̀, mo fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a lẹ́jọ́. Ìwà ọ̀daràn tí wọ́n hù ní Sierra Leone, láti oṣù kọkànlá ọdún 1996 sí oṣù kìíní ọdún 2002, nìkan ni: ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀, gígé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ènìyàn, fífi ọmọdé ṣe ọmọ ogun. Taylor ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF lọ́wọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ilé ẹjọ́ yẹn kò ní àṣẹ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Làìbéríà fúnra rẹ̀. Èyí ni pé ẹ̀jẹ̀ àwọn akọ̀ròyìn wa méjèèjì kò sí nínú ọdún 50 náà. Kò sí ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ tiwọn.

Nàìjíríà kì í ṣe òǹwòran nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2003, nígbà tí Taylor wà ní Accra fún ìpàdé àlàáfíà, ni wọ́n tú ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ síta. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ó gbé ipò sílẹ̀, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì fún un ní ibi ìsádi ní Calabar. N kò sí lára àwọn tó bú Ọbásanjọ́ nítorí ìyẹn. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ mìíràn ti dé ẹnu ibodè Monrovia, àdó olóró ń já lu ilé àwọn tálákà. Bí fífún ẹnì kan ní ilé ní Calabar yóò bá dá ìbọn dúró, ó yẹ kí a fún un.

Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí a sọ ibi ìsádi di àforíjì. Àlàáfíà tí a fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn rà, gbèsè ló jẹ́, ọjọ́ kan ni olówó yóò dé. Olówó náà dé lọ́dún 2004. Àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì tó ń ṣòwò ní Freetown nígbà ogun, David Anyaele, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, àti Emmanuel Egbuna, tí òun náà fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́ wọn, gba Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja lọ. Wọ́n ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé ibi ìsádi tí wọ́n fún Taylor. Ìjọba ní wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, adájọ́ ní wọ́n lẹ́tọ̀ọ́. Ẹjọ́ náà kò tíì parí nígbà tí Ààrẹ tuntun ní Làìbéríà, Ellen Johnson Sirleaf, béèrè fún Taylor. Taylor sá kúrò ní Calabar, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́ ní Gamboru ní Ìpínlẹ̀ Borno ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006. Mo gbà pé ọ̀nà tí àwọn ọkùnrin méjì yẹn gbà ni ó bọ́gbọ́n mu jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí. Wọn kò gbé àdá, wọn kò ṣépè. Òfin ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi béèrè ẹ̀tọ́ wọn.

Bàbá kan wà ní estate wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tó sì bá ECOMOG lọ sí Monrovia. Lọ́jọ́ kan, níbi tí a ti ń ka àkọlé ìwé ìròyìn lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀, mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó mi orí. Ó ní, “Àbúrò, ta lo fẹ́ kí wọ́n mú báyìí? Àwọn ọmọdé tó gbé ìbọn nígbà náà ti di bàbá ọmọ. Ẹ jẹ́ kí òkú sùn.” Mo ní, “Bàbá, òkú ti sùn. Àwọn tó pa wọ́n ni kò yẹ kó máa rí oorun sùn.” Kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò bá mi jiyàn mọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà níbẹ̀ ní tirẹ̀ sọ pé òfin òyìnbó ni gbogbo èyí, pé ọmọ adúláwọ̀ nìkan ni wọ́n ń fi mú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òtítọ́ nínú. Àwọn alágbára ayé ń ja ogun lónìí, ó sì ṣòro kí a tó rí ẹni tí yóò fa aṣọ wọn lọ sílé ẹjọ́. Àmọ́ kí a má gbàgbé pé àdéhùn tí àwọn ìjọba ṣe láàárín ara wọn láti fòpin sí òwò ẹrú ló fún ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì láṣẹ láti dá ọkọ̀ olówò ẹrú dúró lójú òkun. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gba Samuel Àjàyí Crowther lọ́dún 1822, tí wọ́n sì gbé e sọ̀kalẹ̀ ní Freetown, ìlú Sàró àwọn baba wa. Bí òfin kò bá tíì tó àwọn alágbára, kí a jà kó tó wọn ló yẹ wá. Kò yẹ kí a sọ pé kó fi àwọn ìkà tiwa sílẹ̀.

Ẹ̀rí sì wà pé kò tíì pẹ́ jù. Lọ́dún 2009, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán ọmọ Taylor, tí wọ́n ń pè ní Chucky, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 97 nítorí ìdálóró tó ṣe fún ènìyàn ní Làìbéríà. Lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ Switzerland rán Alieu Kosiah, ọ̀gá ọlọ̀tẹ̀ kan tó bá Taylor jà, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 20 nítorí ìwà ọ̀daràn inú ogun yẹn kan náà. Làìbéríà fúnra rẹ̀ ti jí. Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà wọn ti dámọ̀ràn ilé ẹjọ́ pàtàkì láti ọdún 2009, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà sùn títí di oṣù karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí Ààrẹ Joseph Boakai fọwọ́ sí àṣẹ láti dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí yóò ṣètò ilé ẹjọ́ fún ọ̀ràn ogun àti ọ̀ràn ọrọ̀ ajé. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí a gbọ́ mi dáadáa. Ìjọba Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà, kó sì fi orúkọ Imodibie, Awotusin àti àwọn ará ìlú wa tí wọ́n pa ní Làìbéríà nítorí pé wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn àti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn méjèèjì gbọ́dọ̀ kó ẹ̀rí jọ nígbà tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ṣì wà láyé, nítorí ilé ẹjọ́ kì í fi ìrántí dájọ́, ẹ̀rí ló ń béèrè.

Ìkẹta ló nira jù. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn Rome, tó dá Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé sílẹ̀, láti ọdún 2001, ṣùgbọ́n a kò tíì sọ ọ́ di òfin ilẹ̀ wa. Ìgbìmọ̀ Oputa, tó gbọ́ ẹkún àwọn tí ìjọba ológun fìyà jẹ, parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2002, ìjọba kò sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, agbẹjọ́rò àgbà Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé, Fatou Bensouda, sọ pé ìdí wà láti gbà pé Boko Haram àti àwọn agbófinró wa pàápàá ti hu ìwà ọ̀daràn ogun. Báwo ni a ó ṣe dúró ní Monrovia láti béèrè ẹ̀tọ́ òkú wa, nígbà tí àwọn òkú mìíràn ń béèrè tiwọn lọ́wọ́ wa ní Borno?

Kí a béèrè méjèèjì pọ̀ ni èrò tèmi. Mo ṣì ń gba iwájú Rutam House kọjá. Nígbàkúùgbà tí mo bá kọjá níbẹ̀, mo máa ń rántí pé ẹnì kan jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn lọ́dún 1990 láti lọ wá òtítọ́ wá fún wa. Gbèsè tí a jẹ ẹ́ ni pé kí àwa náà wá òtítọ́ nípa ikú rẹ̀.