Iná tó pọ̀ jù ló ń sọ iṣẹ́ di èédú: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ lésà, ẹ gbọ́ o!

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú l'Ékòó dáadáa mọ̀ pé ibẹ̀ ni ibùdó àwọn òǹtẹ̀wé. Káàdì ìpè, kàlẹ́ńdà, báàgì oníbébà, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pín lóde ìnáwó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ayé ti ń yí. Ike àti abọ́ nìkan kò tó ìyàwó òde òní mọ́. Ó ń fẹ́ pátákó tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́, kí wọ́n fín orúkọ òun àti ọkọ ẹ̀ sí i. Ó ń fẹ́ kíhódà onígi, ó ń fẹ́ fláàsì tí ọjọ́ ìgbéyàwó wà lára ẹ̀. Bí ẹ̀rọ lésà kékeré ṣe wọ yàrá àwọn èèyàn nìyẹn. Orí tábìlì ni wọ́n ń gbé e lé, ibi tí púpọ̀ nínú wọn sì lè fín kò ju nǹkan bíi 40 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóòró lọ. Ẹlòmíràn dá àjọ, ó fi kó o rà á. Ẹlòmíràn yáwó.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, iṣẹ́ oníṣẹ́ wọlé, igi dúdú bí ìdí ìkòkò, lẹ́tà ti wú, etí ẹ̀ ti jóná.

"Ọmọ mi, ṣé orúkọ ọmọ mi lo kọ síbí, àbí èédú lo fi pa á?" Ìyá ìyàwó nìyẹn.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ yẹn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Irọ́ ni o. Nínú iṣẹ́ mẹ́wàá tó bá bàjẹ́ báyìí, tiná-tiná kọ́ ni ẹ̀rọ ń jẹ̀bi. Ẹ̀rọ ò ní ju ohun tí wọ́n ní kó ṣe lọ, iná tí wọ́n ní kó yọ náà ló yọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni ara páálí. Wọ́n á kọ 40W gàdàgbà síbẹ̀, oníbàárà á rò pé òun ti ra iná ńlá. Ó dáa, 40W yẹn, iye iná mànàmáná tí ẹ̀rọ ń jẹ ni wọ́n sábà máa ń kọ bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀ lè má ju 5W lọ. Ìyókù di ooru, ìdí tí wọ́n fi gbé fáànù kékeré lé e lórí nìyẹn. Ohun tó yẹ kéèyàn wá lára páálí tàbí nínú ìwé ẹ̀ ni optical power. Àwọn tó jẹ́ 10W lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń pa pọ̀ nínú wọn. Tàwọn 20W sì jẹ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má tìtorí èyí sunkún. 5W tó láti fín igi, ó ṣẹ́kù. Ẹni tó fẹ́ máa gé plywood lójoojúmọ́ ni kó wá èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lésà fúnra ẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná. Theodore Maiman ló kọ́kọ́ tan án l'Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1960. Aláwọ̀ búlúù tó wà nínú ẹ̀rọ kékeré yìí ló pẹ́ kó tó dé. Shuji Nakamura, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ Nichia ní Japan, wà lára àwọn tó ṣe ọ̀nà ẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999, òun náà sì wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2014 nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí gílóòbù búlúù.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí iṣẹ́. Ọmọ tó bá ti fi dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá mú oòrùn sórí bébà rí ti mọ àṣírí ẹ̀rọ yìí. Tí dígí bá jìnnà jù, bébà ò ní jó. Tó bá sún mọ́ ọn jù, kò ní jó. Ibì kan wà láàárín tí oòrùn á kóra jọ di ẹyọ kan ṣoṣo, èéfín á sì yọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lésà. Tí orí ẹ̀rọ bá fi mílímítà méjì péré ga jù, ojú iná á fẹ̀, lẹ́tà á wú, oníṣẹ́ á ní iná ò tó, á sì fi kún un. Ibẹ̀ ni èédú ti ń bẹ̀rẹ̀.

Irin kékeré tí wọ́n fi ń wọn gíga máa ń wà nínú páálí, ṣùgbọ́n kò burú kéèyàn wò ó bóyá ó ń parọ́. Ẹ wá igi pẹlẹbẹ kan, ẹ gbé orí ẹ̀ kan lé nǹkan kó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí òkè. Ẹ ní kí ẹ̀rọ fa ìlà kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìlà ọ̀hún á nípọn lápá kan, á tín-ín-rín láàárín, á tún nípọn lápá kejì. Ibi tó ti tín-ín-rín jù, ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí ẹnu lésà. Gíga tó tọ̀nà nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Èyí tó kàn ni àwọn oníkánjú kì í fẹ́ gbọ́: ẹ dán an wò lórí àfọ́kù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan igi oníbàárà. Kì í ṣe àfọ́kù igi mìíràn o, ti igi yẹn gan-an. Ẹ ya àpótí kéékèèké, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, márùn-ún níbùú, márùn-ún lóòró. Bí wọ́n ṣe ń lọ sọ́tùn-ún, ẹ máa fi iná kún un, 20, 40, 60, 80, 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ẹ máa fi eré kún un, láti 1,000 mílímítà ní ìṣẹ́jú kan dé 5,000. LaserGRBL àti LightBurn, tọ́pọ̀ èèyàn fi ń darí ẹ̀rọ yìí lórí kọ̀ǹpútà, lè ṣe é. Kò ní gba wákàtí kan. Ẹ óò rí i pé àpótí tó dára jù kò sí níbi tí iná pọ̀ jù. Àárín ló máa ń wà, ibi tí igi ti di búráùn tó ṣe kedere tí etí ẹ̀ sì mú ṣáká. Igi tuntun, àpótí tuntun. Iye tó bá igi àná mu lè sọ tòní di eérú.

Igi pàápàá ní ìwà. Arère funfun, ó rọ̀, ojú iná máa ń hàn lára ẹ̀. Ìrókò le, àwọ̀ ẹ̀ sì ti dúdú tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n bá fín sí i kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Lẹ́tà ńlá ni kí wọ́n fi ṣe é, kí wọ́n fín in wọlé dáadáa. Plywood ní tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ wà lọ́wọ́ gúlù tó wà nínú ẹ̀. Pákó kan náà, apá ibì kan á gé, apá kejì á kọ̀ jálẹ̀, nítorí gúlù dì síbẹ̀. Kí èéfín má bàa ya ojú igi, ẹ lẹ téèpù oníbébà táwọn akunlé ń lò mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fín in gba orí téèpù, kẹ́ ẹ wá ká a kúrò. Kẹ́ ẹ sì máa wo dígí ẹnu lésà. Èéfín máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, iná á dín kù, oníṣẹ́ tí kò mọ̀ á tún fi iná kún un. Òwú àti isopropyl alcohol díẹ̀ ló gbà. Ẹ pa ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó nù ún o.

Ti igbá ńkọ́? Àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ ń fi ọwọ́ àti ọ̀bẹ tẹ̀ lé bí igbá ṣe yípo. Lésà ò mọ ìyẹn. Òkè igbá á wà ní gíga tó tọ́, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á ti jìnnà, iṣẹ́ á máa parẹ́ bó ṣe ń lọ sétí. Iṣẹ́ kékeré láàárín ló lè ṣe níbẹ̀. Kẹ́ni tó bá fẹ́ kí ọnà yí igbá ká gbé e lọ fún afíngbá.

Wàyí o, orúkọ. Nǹkan ìtìjú ńlá wà níbí yìí. Ẹ wo gbólóhùn kékeré, "Ọkọ àti Ìyàwó". Tí irú lẹ́tà tí wọ́n yàn nínú kọ̀ǹpútà ò bá ní àmì ìsàlẹ̀, ohun tó máa jáde ni "Oko àti Ìyàwó". Oko! Wọ́n wá fún ọmọ olọ́mọ ní oko níyàwó lójú gbogbo ẹbí, nígbà igba pátákó. Lẹ́tà mìíràn ní àmì ìsàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi àmì ohùn lé e, àmì ohùn á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó di àpótí òfìfo. Charis SIL àti Noto Sans máa ń gbé méjèèjì dáadáa. Ẹ kọ ọ́ nínú Inkscape, kẹ́ ẹ sọ lẹ́tà di àwòrán níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sínú èyí tó ń darí ẹ̀rọ, kó má bàa yí padà lọ́nà. Tí lẹ́tà bá sì kéré jù, iná á pa àmì ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ara lẹ́tà, "ọ" á wá dà bí "o" tó nídọ̀tí lábẹ́. Ẹ sọ ọ́ di ńlá. Kí oníbàárà fojú ara ẹ̀ rí orúkọ lórí bébà, kó buwọ́ lù ú, kí iná tó tàn.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kó dé abẹ́ lésà rárá. Awọ ayédèrú, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yìn ìwé àti páàsì, PVC ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Tó bá jó, afẹ́fẹ́ hydrogen chloride ló ń tú jáde. Tí ìyẹn bá pàdé omi, ì báà ṣe ti inú ọ̀nà ọ̀fun, ásíìdì ni. Á jẹ irin ẹ̀rọ, á jẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí kò bá mọ irú ike tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó mú wáyà kọ́pà lọ síta gbangba, kó fi iná sun ún títí á fi pọ́n, kó fi kan ike náà, kó tún dá a padà sínú iná. Tí iná bá di aláwọ̀ ewé, kó gbé ike náà jù nù. Ike tó mọ́ gaara bíi dígí ní tiẹ̀ kò léwu bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ búlúù á gba inú ẹ̀ kọjá ni, kò ní fín nǹkan kan; ike dúdú ni kẹ́ ẹ wá. Fláàsì tí wọ́n kùn lọ́dà máa ń dára gan-an, lésà á hó ọ̀dà kúrò, irin funfun á yọ. Irin lásán tí wọn ò kùn máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà ni.

Ibi tó máa ń dá a padà sí lè jẹ́ ojú èèyàn. Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ yìí, tí ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 450 nánómítà, á gba ojú wọlé tààrà dé ẹ̀yìn ẹyinjú, ẹ̀yìn ẹyinjú ò sì mọ ìrora. Ó lè jó kéèyàn má mọ̀, títí dìgbà tó bá rí àmì dúdú láàárín ohun tó ń wò. Kò sí ojú tí wọ́n ń tà ní Aláàbà. Awò tí wọ́n kọ OD àti ìwọ̀n tó kan 450 sí ni kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá wọ̀, àtọmọ àtàgbà. Awò oòrùn kọ́, awò àwọn wẹ́dà kọ́. Ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ gbé fáànù tó ń lé èéfín jáde síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé omi sítòsí. Ẹni tó bá tan ẹ̀rọ tó wá jáde lọ ra búrẹ́dì lè bá àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń gbọ́n omi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àkókò, òun ló ń dájà sílẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká ní àwòrán kan fẹ̀ ní 8 sẹ̀ǹtímítà, ó ga ní 5, ìlà inú ẹ̀ sì fi 0.1 mílímítà jìnnà síra. Ìlà 500 nìyẹn. Tí eré ẹ̀rọ bá jẹ́ 3,000 mílímítà ní ìṣẹ́jú kan, ìlà kan á gba ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ ó lé díẹ̀. Gbogbo ẹ̀ á lé ní ìṣẹ́jú 13. Igba pátákó á wá jẹ́ wákàtí 44 ó lé, láìsùn, láìwo, láìsí pé NEPA mú iná. Tí NEPA bá sì mú un láàárín, ẹ̀rọ ò ní rántí ibi tó dé. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn kan igi pẹlẹbẹ méjì mọ́ tábìlì bí igun, kí gbogbo pátákó máa jókòó síbì kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré yìí ń lo fóòtì 12 tàbí 24, inverter kékeré gbé e dáadáa, owó ẹ̀ sì sàn ju owó pátákó tó bàjẹ́ lọ. Lẹ́tà tí wọ́n kàn fa ìlà yí ká láìkun inú ẹ̀ máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Nítorí náà, tí ìyá ìyàwó bá gbé igba pátákó dé ní Ọjọ́bọ̀, tí òde sì jẹ́ Sátidé, kí oníṣẹ́ sọ fún un lójú ẹsẹ̀: "Mọ́mì, orúkọ nìkan ló máa lè wọ̀ ọ́, àwòrán ò ní ṣeé ṣe. Àbí kẹ́ ẹ jẹ́ ká fi àwòrán sí ti àwọn àna nìkan?"