Ìlẹ̀kẹ̀ Ìdí Ọmọ Ẹni

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Bí ìdí náà ti wù kó rí, ọmọ wa ni. Lónìí, ìwé ni ìlẹ̀kẹ̀ tí à ń so mọ́ ọmọ nídìí, fásitì ló sì ń gbówó lórí jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyá tó bí ọmọ afọ́jú sọ láàárín ẹbí pé fásitì lòun ń wò fún un, wọn á ní: "Ìyáa wa, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ jẹ́ kó kọ́ṣẹ́ ọwọ́." Àánú ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Àánú yẹn gan-an ni mo ń bá jà.

Iṣẹ́ ọwọ́ kò burú. Ohun tó burú ni kí á fi ojú tí kò ríran yanṣẹ́ fún orí tó pé. Ẹ wo ọmọ tó ń kọ Braille, ìwé àwọn afọ́jú. Á ki bébà bọ àárín férémù onírin, á mú irin ṣóńṣó, á máa gún un láti ọ̀tún wá sí òsì. Bó bá yí bébà náà padà, òsì sí ọ̀tún ni ìka rẹ̀ yóò gbà kà á. Gbogbo lẹ́tà pátá ló ń kọ ní òdì kó tó lè kà á bó ṣe yẹ! Ọpọlọ tó ń ṣe èyí láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé wo ni yóò wúwo jù fún un?

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí afọ́jú nìkan. Àwọn baba wa pe afín, abuké àti arọ ní ẹni òòṣà, wọ́n ní Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. A kì í fi ẹni òòṣà pamọ́ sí kọ̀rọ̀.

Ẹnìkan lè ní òfin ti gbà wọ́n. Lóòótọ́, oṣù kìn-ín-ní 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ní a kò gbọdọ̀ yan akàndá ẹ̀dá jẹ. Òfin náà fún wọn lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ girama ló parí sí. Ó tún ní kí iléeṣẹ́ ìjọba sapá kí ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ akàndá. Láti girama dé ẹnu iṣẹ́ yẹn, ta ni yóò sanwó? Òbí náà ni. JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àbáwọlé fásitì, gbìyànjú ní tirẹ̀: láti 2017 ni ìgbìmọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ti ń ṣètò ìdánwò fún àwọn afọ́jú. Ìgbà tí wọ́n bá yege tán ńkọ́?

Láti 1982 ni fásitì tí à ń pè ní Olabisi Onabanjo lónìí ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa ní Àgọ́-Ìwòyè. Kò yẹ kí òbí ibí gbà pé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ àwọn akàndá, tó wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977, nìkan lọmọ òun lè lọ. Ọdún 5 ni òfin 2019 yẹn fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò láti ṣọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ arọ, ó sì ti pé láti 2024.

Ẹ̀yin onílé tí ẹ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé ní Àgọ́-Ìwòyè, mo bẹ̀ yín: nínú ilé tí ẹ bá tún máa kọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà yàrá kan nísàlẹ̀ fẹ̀ tó kẹ̀kẹ́ arọ, kí ẹ má sì ṣe àtẹ̀gùn síwájú rẹ̀.