Ẹ Má Fi Ìwọ̀n Ọmọ Lé Fóònù Lọ́wọ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin alágbàtọ́, ẹ̀yin olùkọ́ ní Mamu, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, títí dé Abigi àti Iwopin létí omi, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó yẹ ká jọ sọ kí táàmù tó ń bọ̀ tó wọlé. Ẹ wo inú fóònù tí ọmọ yín ń lò, tàbí fóònù tiyín tó máa ń gbà lálẹ́. Bí ẹ bá bá áàpù kan níbẹ̀ tó ń bi í léèrè ohun tó jẹ láàárọ̀, iye kílò tó wọ̀n, àti iye tó fẹ́ jò kù, ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sí ìpàdé PTA, ká jọ fẹnu kò lé e lórí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kan ọmọ Ìjẹ̀bú níbẹ̀. Láyé àwọn ìyá wa, bí ọmọ bá sanra, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń kí. Ayé ti yí. Ọmọ girama ń fi orobo bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń pe èkejì ní lẹ́pa bí ẹni fi í joyè. Tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé wà lórí igbá lọ́jà, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ọjọ́ orí ẹni tó ń rà á. Ti orí fóònù wá le ju tọjà lọ. Ní 2021, nígbà tí Frances Haugen tú àṣírí ìwé inú ilé-iṣẹ́ Facebook, a rí i pé ìwádìí tí wọ́n ṣe fúnra wọn ti sọ fún wọn pé, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin tí ara wọn ń bà nínú jẹ́, méjìlélọ́gbọ̀n ní Instagram tún dá kún un. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni áàpù ìjòkù ń dúró dè.

Èyí tó dá ìjà sílẹ̀ jù ni Kurbo. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni WW, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí aráyé mọ̀ sí Weight Watchers, gbé e jáde fún àwọn ọmọ ọdún 8 sí 17. Ọmọ á máa kọ gbogbo ohun tó bá jẹ sínú rẹ̀, áàpù á sì fi àwọ̀ mẹ́ta dá oúnjẹ náà lẹ́jọ́ bí iná ojú títì: àwọ̀ ewé fún èso àti ẹ̀fọ́, yẹ́lò fún èyí tó yẹ kó fi ìwọ̀nba jẹ, pupa fún súìtì, ẹlẹ́rìndòdò àti irú wọn. Ká má purọ́ mọ́ wọn, ọgbọ́n àwọ̀ yìí kì í ṣe ti oníṣòwò níbẹ̀rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń lò ó fún ọmọ tó sanra jù, ètò kan ní Yunifásítì Stanford ni wọ́n sì gbé Kurbo lé. Ohun tó bí àwọn èèyàn nínú ni pé wọ́n fi àwòrán ọmọdé polówó, bí ọmọ ṣe rí kó tó jò àti bó ṣe rí lẹ́yìn tó jò, pẹ̀lú iye tó fi jò. Ó lé ní 100,000 èèyàn tó buwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀.

Ọ̀ràn ìforúkọsílẹ̀ ló wá gbé WW dé iwájú òfin. Ọmọ tẹ áàpù, áàpù béèrè bóyá òbí ni tàbí ẹni tó ti pé ọdún 13. Ọmọ ọdún 10 fi ìka tẹ̀ ẹ́ pé òun ti pé ọdún 13, ilẹ̀kùn ṣí. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ilé-iṣẹ́ gba ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbọ́, kó sì fọwọ́ sí i. Àjọ FTC, tó ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò níbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ọmọ ló pe ara wọn ní ẹni ọdún 13, tí wọ́n tún padà wọlé lọ kọ ọjọ́ ìbí wọn gan-an, síbẹ̀ áàpù kò dá wọn dúró. Orúkọ wọn, nọ́ńbà fóònù wọn, gíga wọn, ìwọ̀n wọn, ohun tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, kì í sì í parẹ́ àfi bí òbí bá ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, WW gbà láti san mílíọ̀nù 1.5 dọ́là, láti pa ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n gbà láìtọ́ rẹ́, àti láti ba gbogbo ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ jẹ́. Ilẹ̀ tí òfin ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn o. Irú Kurbo kún orí Play Store títí dòní, fóònù tó ń gbé wọn kò sì mọ Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ìlú Òru ní Ìjẹ̀bú.

Àwọ̀ mẹ́ta tí mo sọ yẹn, àwa náà ní tiwa. Ìyá tó bá ti gbé ọmọ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà lè ti rí rìbọ́nù tí nọ́ọ̀sì fi ń wọn apá ọmọ. Ó á wá àárín èjìká àti ìgúnpá apá òsì, á fi rìbọ́nù yí i, á fà á títí yóò fi fara mọ́ awọ láìfún un, á wá wo ojú ihò kékeré tó wà lára rẹ̀. Bí ó bá já sí àwọ̀ ewé, kò séwu. Bí apá ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, yẹ́lò ni. Bí kò bá tó 11.5, pupa ni, àìjẹunkánú ti wọ ọmọ náà lára, ìtọ́jú sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kíákíá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Pupa ti rìbọ́nù ń sọ pé kí ẹ wá oúnjẹ fún ọmọ. Pupa ti áàpù ń sọ pé kí ọmọ yé jẹ ẹ́. Ìwádìí ìlera ìdílé tí ìjọba wa ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún 5, mẹ́tàdínlógójì ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn nítorí àìjẹunkánú. Àwọn tó sanra jù kò ju méjì lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú àìjẹunkánú yìí ló ń dàgbà bọ̀ wá di ọmọ girama, ẹnì kan á wá gbé ohun tó ń ka òkèlè lé wọn lọ́wọ́!

Kíkà náà gan-an, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kà á? Ẹ gbé ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ kalẹ̀. A ti rin ewùrà, a ti ń ṣù ú sínú ọbẹ̀ tó ń hó, epo ń ta lójú rẹ̀, ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ìgbakọ bá kó ẹja bá, tirẹ̀ dára. Ẹni tó bọ́ sí ibi epo, epo ni yóò jẹ. Kí ni ọmọ fẹ́ kọ sínú áàpù, nígbà tó tún jẹ́ pé òun àti àbúrò rẹ̀ méjì ló jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan? Á fojú díwọ̀n. Bí ó bá fojú díwọ̀n tí pupa yọ, lọ́la á dín in kù lórí fóònù. Lọ́túnla á dín in kù lẹ́nu, á sì purọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti yó.

Bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ girama ní Australia, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999, rí i pé ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ níwọ̀nba sún mọ́ àìsàn ìjẹun ní ìlọ́po 5 ju ẹni tí kò ṣọ́ ọ lọ, èyí tó ń fi ọwọ́ líle ṣọ́ ọ sì sún mọ́ ọn ní ìlọ́po 18. Àìsàn yìí ló ń mú ọmọ febi pa ara rẹ̀, tàbí kó jẹun tán kó lọ fi ìka wá èébì. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n yé sọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara sọ́mọ létí, kí wọ́n yé rán ọmọ nídìí ìjòkù, kí ìdílé sì máa jókòó jẹun pọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí, àwa la ni ín kí tẹlifíṣọ̀n tó gbà á lọ́wọ́ wa.

Mi ò sọ pé kò sí ọmọ tí ara rẹ̀ ti di ìṣòro. Wọ́n wà. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe tàgbà nìkan mọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kí nọ́ọ̀sì kọ̀wé fún un lọ sí ilé-ìwòsàn OOUTH ní Ṣágámù bí ó bá yẹ. Dókítà á wo ojú ọmọ, á béèrè oorun rẹ̀, á béèrè ohun tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì ilé-ìwé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí géètì yẹn díẹ̀. Ẹlẹ́rìndòdò, bisikíìtì, índómì tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá fún wọn: ibẹ̀ ni ìsanra ti ń wọlé. Ìjọba àpapọ̀ bu owó orí náírà 10 lé lítà ẹlẹ́rìndòdò kan nínú òfin ìnáwó ọdún 2021. Náírà mẹ́wàá! Ta ni ìyẹn fẹ́ lé sẹ́yìn nídìí ìgò? Bí ẹ bá tún rí ibi tí wọ́n ti ń gé pápá ìṣeré ilé-ìwé tà, ẹ pariwo níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ ti ń sáré ìjòkù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ wá pín báyìí. Ẹ̀yin olórí ilé-ìwé, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni wọn ọmọ níwájú kíláàsì, kí olùkọ́ kankan má sì pe ọmọ ní orobo. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, tíì ìfakùn yẹn kò gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Yunifásítì Olábísí Ọnàbáńjọ tí ẹ ń kọ áàpù, iṣẹ́ yín dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìwọ̀n ara ọmọdé jẹun.

Òfin ń bẹ lẹ́yìn wa. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ní dandan ni kí ẹni tó fẹ́ lo ọ̀rọ̀ ọmọdé gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́, kó sì wá ọ̀nà tó ṣeé gbára lé láti mọ ọjọ́ orí onítọ̀hún. Òbí tó bá rí áàpù tó ń gba ìwọ̀n ọmọ rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ òun, kó ya àwòrán ojú fóònù náà kó tó yọ áàpù, kó fi ẹjọ́ sun Nigeria Data Protection Commission. Ìjẹ̀bú North, Ìjẹ̀bú East àti Ogun Waterside, aṣojú kan la jọ ní ní Abuja. Bí ẹ bá ti rí i níbi òkú tàbí ìgbéyàwó, ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe kí àjọ yìí lè lé àwọn áàpù ìjòkù kúrò lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 18.

Kí PTA kọ̀ọ̀kan gbé e sórí àjẹ́ńdà ìpàdé tó ń bọ̀: kò sí áàpù ìjòkù lórí fóònù ọmọ ilé-ìwé wa, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ni ìwọ̀n ọmọ ń gbé, omi tó mọ́ àti èso gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu géètì. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo òbí tó wá buwọ́ lù ú kí ìpàdé tó tú, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní káńsù.