Kì Í Ṣe Gbogbo Géèmù Tó Le Ló Yẹ Ká Yìn

Ọ̀rọ̀ kan kì í tán lẹ́nu àwọn tó gbá géèmù dàgbà láàárín ọdún 1980 sí 1990. Wọ́n á ní géèmù ayé ọjọ́un ló ń kọ́ ọmọ ní sùúrù, pé ẹ̀kọ mímu lásán ni ti òde òní, pé ẹni tí kò bá lè borí olórí ọ̀tá kó gbé páàdì sílẹ̀, kó lọ sùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún sọ, ó sì máa ń mú orí ẹni tó ń sọ ọ́ wú. Ṣùgbọ́n ó ti po ohun méjì tí kò bára wọn tan pọ̀ sínú àwo kan: ìṣòro tó ń kọ́ni lọ́gbọ́n àti ìṣòro tó kàn ń fìyà jẹni. Ẹni tó bá da yanrìn mọ́ èlùbọ́, kó má bínú bí àwọn ará ilé bá kọ àmàlà rẹ̀.

Mega Man 2 ni wọ́n sábà máa ń fà yọ láti fi gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀, nítorí náà òun gan-an ni kó wá jẹ́rìí. Ilé-iṣẹ́ Capcom ti ìlú Osaka ló gbé e jáde ní Japan ní ìparí ọdún 1988 fún ẹ̀rọ Famicom, wọ́n sì pè é ní Rockman 2 níbẹ̀. Ó dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1989. Rọ́bọ́ọ̀tì kékeré aláwọ̀ búlúù kan ń sáré, ó ń fò, ó ń yìnbọn. Olórí ọ̀tá mẹ́jọ ló dúró dè é, ẹni tó ń gbá géèmù náà ni yóò sì yan èyí tí yóò kọ́kọ́ kò lójú. Lẹ́yìn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni ààfin Dókítà Wily, ẹni tó wà nídìí gbogbo wàhálà náà.

Ibi tí iyì géèmù náà wà ni pé ohun ìjà tí Mega Man bá gbà lọ́wọ́ ọ̀tá kan ni yóò fi borí òmíràn. Omi Bubble Man ló ń pa Heat Man, ẹni tó jẹ́ iná. Iná Heat Man ló ń jó Wood Man, ẹni tó jẹ́ igi. Ewé Wood Man ló ń borí Air Man, ìjì Air Man ló sì ń gbé Crash Man ṣubú. (Bí ewé ṣe ń borí afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yé ènìyàn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò pọ̀ jù láti forí jì wọ́n.) Ọmọdé tí kò tíì mọ ìwé kà lè fi òye ara rẹ̀ rò ó pé omi ló ń pa iná. Àwọn ọ̀tá náà kì í sì í yẹ àdéhùn. Wood Man yóò fi ewé yí ara rẹ̀ ká, yóò ju ewé sókè kó lè máa já bọ́ láti òkè, yóò ju ewé tó yí i ká lu ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, yóò fò, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Bó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan ni yóò máa ṣe é títí. Ìwọ̀n ẹ̀mí 28 ni Mega Man ní, 28 náà ni ọ̀gá tó ń bá jà ní. Ẹni tó bá kú níbẹ̀ mọ ohun tó pa òun, ó sì mọ ohun tí òun yóò ṣe yàtọ̀ nígbà tó bá padà wá.

Èyí tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ wà ní ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ Quick Man. Bí Mega Man ṣe ń já bọ́ láti yàrá kan sí èkejì ni ọ̀pá iná ń yọ láti ara ògiri, èyí tó bá sì kàn án, ó parí nìyẹn. Wọn kì í ka ìwọ̀n ẹ̀mí tó ṣẹ́kù. Ohun ìjà kan wà, ti Flash Man, tó lè dá àkókò dúró kí àwọn ọ̀pá iná náà má lè rìn. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá ti lò ó, kò ní dáwọ́ dúró títí agbára rẹ̀ yóò fi tán, bẹ́ẹ̀ òun kan náà ló ń jẹ ẹ̀mí Quick Man lọ́nà tí nǹkan díẹ̀ ló lè ṣe é. Ṣé kí ènìyàn lò ó lójú ọ̀nà ni, àbí kó fi ìka ara rẹ̀ la ọ̀nà já kó lè fi pàdé ọ̀gá? Wọn kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìṣòro nìyẹn, ó sì yẹ fún ìyìn.

Ẹ wá wo ìpele kẹrin ààfin Wily. Ẹ̀rọ márùn-ún ló wà lára ògiri yàrá ọ̀gá ibẹ̀, bọ́ǹbù Crash Man nìkan ṣoṣo ló sì lè ba èyíkéyìí nínú wọn jẹ́. Méje péré ni bọ́ǹbù náà nígbà tó bá kún. Ó jọ pé ó tó, àfi pé wọ́n mọ ògiri dí ojú àwọn kan nínú ẹ̀rọ náà, bọ́ǹbù yìí kan náà ló sì ń fọ́ ògiri ọ̀hún. Ẹni tó bá ṣi ẹyọ kan tàbí méjì jù ti pàdánù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ ṣì kún. Tó bá kú, yóò jí dìde, ṣùgbọ́n bọ́ǹbù tó ti lò kò ní padà wá. Ó di kó lọ máa ṣa agbára lẹ́yọ lẹ́yọ lára àwọn ọ̀tá kéékèèké, tàbí kó mọ̀ọ́mọ̀ kú títí géèmù yóò fi tán, kó tún bẹ̀rẹ̀ ìpele náà. Ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú ìyẹn? Àṣìṣe àwọn tó ṣe é ni, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa pè é ní sùúrù nítorí pé ọjọ́ ti pẹ́ lórí rẹ̀.

Nígbà tí géèmù náà ń lọ sí Amẹ́ríkà, Capcom pín in sí ọ̀nà méjì. Wọ́n pe ọ̀kan ní Difficult, ìyẹn ni bí wọ́n ṣe gbá a ní Japan gan-an. Wọ́n pe èkejì ní Normal, wọ́n sì jẹ́ kí ìbọn máa dun àwọn olórí ọ̀tá ní ìlọ́po méjì. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń fi ẹni tó yan Normal ṣe ẹlẹ́yà, bí ẹni pé ó jí nǹkan gbé. Kí ló jí? Ọ̀gá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló bá jà, ààfin kan náà ló wọ̀, òpin kan náà ló rí. Bí ẹ̀sùn bá wà, ẹ̀sùn náà ni pé Normal kò tún yàrá bọ́ǹbù yẹn ṣe. Wọ́n dín ìyà kù, wọ́n fi àbòsí sílẹ̀.

Ìkanra yìí kò dúró sí ẹnu àwọn tó ń gbá géèmù nìkan, ó ti wọ inú iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe géèmù tuntun. Ní ọdún 2017, StudioMDHR ti Kánádà gbé Cuphead jáde, géèmù tó lẹ́wà lójú, tí ìjà ọ̀gá kún inú rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn wà níbẹ̀, Simple ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ibẹ̀ kò ní rí ìwé àdéhùn ọkàn tí wọ́n fi ń wọlé sọ́dọ̀ Èṣù gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí òpin ìtàn tó fi owó rẹ̀ rà. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù mọ́ ọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Celeste jáde. Géèmù yẹn le bí ojú ẹja, síbẹ̀ ààyè wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti dín ìyára eré kù, tàbí kó má tilẹ̀ kú rárá, kó sì gun òkè náà dé góńgó. Òkè náà kò tìtorí ìyẹn rẹlẹ̀ fún ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gùn ún.

Wọ́n á ní tí gbogbo ènìyàn bá lè kọjá, ìṣẹ́gun kò níyì mọ́. Iyì ta ni? Ẹni tó borí Quick Man lórí Difficult ní ọdún 1989 kò pàdánù ohunkóhun lára tirẹ̀. Ní Japan, ní ọdún 2007, orin kan gbajúmọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó dá lórí ẹnì kan tí kò rí Air Man bá ṣe, tó ń gbìyànjú títí láìborí. Àìmọye ènìyàn ló gbọ́ ọ tí wọ́n rẹ́rìn-ín nítorí pé ọ̀rọ̀ ara wọn ni. Bí kíkùnà bá jẹ́ àbùkù, àbùkù gbogbo ilé ni.

Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí Mega Man 2 dé Amẹ́ríkà ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Ojú kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀, ìka kò yá mọ́, àìsàn sì ti mú ọwọ́ àwọn mìíràn. Capcom mọ èyí. Nígbà tí wọ́n gbé àkójọ àwọn géèmù Mega Man àtijọ́ jáde fún ẹ̀rọ Switch ní ọdún 2018, wọ́n fi bọ́tìnnì kan sí i tó ń dá eré padà sẹ́yìn, kí ẹni tí ọ̀pá iná bá pa lè padà sí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ṣáájú ikú rẹ̀. Àwọn àgbà tó ń pariwo sùúrù wà lára àwọn tó rà á. Kò sì sí ibi tí géèmù náà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún aládùúgbò iye ìgbà tí olúkúlùkù wọn tẹ bọ́tìnnì náà.